Ibi Tí Òjìji Ọwọ́ Ń Bọ́ Sí

Kí obìnrin oníná náà tó kí ọkùnrin tó ránṣẹ́ pè é, ó ti fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri.

Ayùn orí tábìlì tó ń han gooro bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹkún ọmọ tí oorun ń gbé lọ, títí ó fi dákẹ́. Ọkùnrin tó ń la pákó lórí rẹ̀ gbójú sókè. Lẹ́búlẹ́bú igi ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ fa iná mi yọ?"

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ wá fọwọ́ kan wáyà yín."

"Ọ̀rọ̀ ni mo bi yín."

"Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ná."

Ó fọwọ́ kàn án. Kíá ló gbé ọwọ́ kúrò, tó fi nu ṣòkòtò.

"Ó ti máa ń gbóná bẹ́ẹ̀ tipẹ́," ni ó wí.

"Ilé tó jóná lẹ́yìn ilé wa lọ́dún tó kọjá, òun náà ti máa ń gbóná tipẹ́."

Ọkùnrin náà fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́ ìbínú. Orí wáyà gbígbóná ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bí ẹni pé kò sí òmíràn. Sísí Wáyà ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ẹni tó kọ́kọ́ fún un lórúkọ yẹn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tí iná ilé onítọ̀hún bà jẹ́, tó pe ọkùnrin mẹ́ta tí kò sí èyí tó rí ìdí rẹ̀, Sísí Wáyà náà ló ránṣẹ́ sí kẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni yẹ̀yẹ́ ti parí, tí orúkọ sì kù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ kí orúnkún tó dá bàbá náà jókòó sílé. Ara obìnrin yìí kì í gbé ojú kan. Bàbá rẹ̀ a máa sọ pé bí èèrùn wọ inú ṣòkòtò ènìyàn, onítọ̀hún á ṣì jókòó pẹ́ ju ọmọ òun lọ.

Yàrá ẹ̀yìn ilé ni Gbẹ́nàgbẹ́nà sọ di ìsọ̀ rẹ̀. Ó gùn, kò fẹ̀. Gílóòbù kan ṣoṣo ló rọ̀ ní àárín àjà. Ayùn orí tábìlì, ẹ̀rọ tó ń fá igi àti ẹ̀rọ tó ń lu ihò, wáyà kan náà ló ń bọ́ wọn, bí abiyamọ tó bí ìbẹta lójijì. Sísí Wáyà yí yàrá náà ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbá ògiri, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ṣí àpótí fíùsì, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ wò ó, sà. Gílóòbù tó wà láàárín yìí, ẹ̀yìn yín ló ń tàn sí. Inú òjìji ara yín lẹ ti ń ṣiṣẹ́."

"Ó ti mọ́ mi lára."

"Kò tíì mọ́ ojú yín lára. Ẹ wo bí ẹ ṣe ń fún un pọ̀." Ó fa ìwé kékeré yọ. "Ẹ ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí n wò yín. Mo fẹ́ mọ ibi tí òjìji ọwọ́ yín ń bọ́ sí. Ọwọ́ tí ènìyàn bá fi ń ṣiṣẹ́, òdì kejì rẹ̀ ni iná gbọ́dọ̀ wà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ á máa bo ìlà tó yẹ kí ojú rí."

Gbẹ́nàgbẹ́nà na ọwọ́ sí ayùn ọwọ́. Bí ó ti ń nà án ni ìyá rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Obìnrin gíga ni, ó lọ aṣọ rẹ̀ dáadáa. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkọ kó tó fẹ̀yìn tì, Màmá Tíṣà sì ni wọ́n ń pè é dòní. Ó wo Sísí Wáyà láti orí dé ìsàlẹ̀, ó wo àkàbà tó gbé ti ògiri.

"Ìwọ ni oníná?"

"Èmi ni, mà. Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ìwọ lo máa gun ìyẹn?"

"Òun ò lè gùn mí, mà."

Gbẹ́nàgbẹ́nà wúkọ́ kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Màmá Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó kó ọwọ́ lẹ́yìn, ó dúró bí ẹni tó ń ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìdánwò. Ọmọ rẹ̀ wá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ayùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ayùn náà ń rìn gbéregbère. Nígbà tó fi máa já pákó náà, ojú ibi tó gé ti wọ́ kúrò lórí ìlà.

Sísí Wáyà rí i. Ohun tó rò ni pé ọkùnrin náà ń tijú nítorí pé òun ń wò ó. Ká má purọ́, ó dùn mọ́ ọn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: Ọwọ́ ọ̀tún. Iná sí apá òsì. Òun tí kì í fi ìka kan wáyà láì kọ́kọ́ fi tẹ́sítà kàn án, ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan péré ló gbà gbọ́ lọ́jọ́ yẹn.

*

Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Ó pín ọ̀nà iná sí méjì láti inú àpótí fíùsì wá: ọ̀kan fún ẹ̀rọ, ọ̀kan fún ìmọ́lẹ̀. Ó gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì ga dé àyà kí pákó gbọọrọ má baà bò ó mọ́lẹ̀. Ó gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìn ògiri, ó ri irin gígùn mọ́lẹ̀, ó so wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọ ilẹ̀ mọ́ ọn. Ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó kan súìṣì pupa kan tó tóbi bí ìdérí ìgò, èyí tí ènìyàn lè gbá pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ kí gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́.

"Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀nà méjì?" ni Gbẹ́nàgbẹ́nà béèrè. Òun ló di àkàbà mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkàbà náà kò mì.

"Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá fa fíùsì já, kí ìmọ́lẹ̀ má bá a kú. Irin ayùn kì í dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ wà nínú òkùnkùn pẹ̀lú ohun tó ṣì ń yí."

Gbẹ́nàgbẹ́nà tún àkàbà náà dì mú. "Ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń ro ti gbogbo ènìyàn?"

"Iṣẹ́ mi ni."

"Mo mọ̀. Mo ní ṣé ti gbogbo ènìyàn."

Obìnrin náà kọjú sí àjà. Ó na ọwọ́ gba ìṣó, ìṣó bọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí nǹkan bọ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Gbẹ́nàgbẹ́nà gbé omi fún un, ó ní, "Gbà, o ti ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀." Kò mọ̀ pé òun ti fi "ẹ" sílẹ̀. Sísí Wáyà mọ̀. Ó mu omi náà tán, ó dá ife padà, ó ní, "O ṣeun." Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún sọ "ẹ" mọ́ nínú yàrá yẹn, àfi tí ìyá bá wà níbẹ̀.

Nígbà tí iná gbọọrọ mẹ́rin tàn lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ kẹjọ, ọkùnrin náà yí ara rẹ̀ ká, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọjọ́ náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un. "Ó mọ́lẹ̀," ni ó wí. Ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Wàá lọ báyìí?"

"Iṣẹ́ ti parí."

"Nǹkan mìíràn ò lè bà jẹ́?"

"Èmi ni mo ṣe é. Kò ní bà jẹ́."

"Ó mà ṣe o," ni Gbẹ́nàgbẹ́nà wí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Màmá Tíṣà fi pè láti inú ilé pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

*

Oṣù méje kọjá. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú ni Gbẹ́nàgbẹ́nà ń wá sí ilé bàbá Sísí Wáyà. Ó ṣe àpótí tí bàbá náà ń gbé ẹsẹ̀ lé. Ó tún ilẹ̀kùn wọn ṣe. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀, ó ń pè é ní "ọkọ ọmọ mi" ní gbangba, ọkùnrin náà sì ń jẹ́ ẹ.

"Ìfẹ́ mi," ni ó máa ń pe Sísí Wáyà. "Ìfẹ́ mi, ṣé kì í rẹ ẹsẹ̀ rẹ ni? Jókòó."

"Ìgbà wo lo máa mú mi lọ bá ìyá rẹ?"

"O ti mọ̀ wọ́n."

"Wọ́n mọ oníná. Wọn ò mọ̀ mí."

"Jẹ́ kí n wá àkókò tó wọ̀. O mọ Màámi."

Àkókò náà kò wọ̀ ní oṣù kẹta. Kò wọ̀ ní oṣù karùn-ún. Sísí Wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í dìde kúrò lórí àga láì mọ ibi tó ń lọ. Ó ń rìn láti fèrèsé dé ilẹ̀kùn bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà dé ibi pé inú bí i sí ara rẹ̀, nítorí pé kò fẹ́ràn kí ohunkóhun ṣòfò, oṣù méje kò sì kéré.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó gba ọ̀nà ilé wọn. Kò ránṣẹ́ ṣáájú. Ó gba ẹ̀yìn wọlé, ó ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ náà, ó dúró.

Tábìlì iṣẹ́ kò sí níbi tó mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n ti yí i kojú sí ògiri. Iná gbọọrọ mẹ́rin náà wà lókè, kò sí èyí tó tàn nínú wọn. Gílóòbù kékeré kan ni wọ́n fi okùn so mọ́ ìṣó ní apá ọ̀tún, wáyà rẹ̀ sì nà gbalaja lórí ilẹ̀, láàárín lẹ́búlẹ́bú igi, níbi tí ẹsẹ̀ lè kọ́ ọ. Wáyà rírọ̀ ni, irú èyí tó gbóná lọ́jọ́ kìíní.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ń fá igi. Ìfági náà ń lọ geere, igi ń ká wá bí òwú, ó tinrin, ó gùn, kò já. Kò tíì rí i kó ṣiṣẹ́ tó dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe é.

"Ọjọ́ mẹ́jọ," ni Sísí Wáyà wí.

Ọkùnrin náà yí padà bí olè.

"Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo lò lórí àkàbà yẹn. Mo ní kí o ṣiṣẹ́ kí n wò ọ́. Kí lo fi hàn mí?"

"Ìfẹ́ mi, dákẹ́, jọ̀ọ́. Màámi wà nínú ilé."

"Kí lo fi hàn mí?"

Ó gbé ìfági sílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì ń wo ilẹ̀kùn bó ṣe ń sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ tó ti kú jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ọlọ́wọ́ òsì ni òun náà. Ayùn gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ òsì yẹn ní ọjọ́ kan tí òun wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá náà kò tún fọwọ́ kan igi mọ́ títí tó fi kú. Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ ti gbà pé ọwọ́ òsì ló fa gbogbo rẹ̀. Ó fi rúlà lé ọwọ́ òsì kúrò lára ọmọ rẹ̀, nídìí ìwé, nídìí oúnjẹ, nídìí irinṣẹ́.

"Bí wọ́n bá rí i pé òsì ni mo lò, ojú wọn máa ń yí padà bí ẹni tó ń wo ìjàm̀bá. Nítorí náà, bí wọ́n bá wà níbẹ̀, ọ̀tún. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀..." Ó gbé èjìká sókè. "Bí mo bá wà lábẹ́ iná rẹ, òjìji ọwọ́ mi máa ń bo ìlà. Mi ò lè sọ fún ọ. Inú rẹ dùn sí iṣẹ́ náà púpọ̀."

Sísí Wáyà ṣí ẹnu láti fèsì. Ẹsẹ̀ bàtà dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ kíákíá bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́jú. Ọkùnrin náà pa gílóòbù kékeré, ó fi ẹsẹ̀ ti wáyà sábẹ́ tábìlì, ìfági kúrò lápá òsì bọ́ sí ọ̀tún. Ó sì sún sẹ́yìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sísí Wáyà, ìṣísẹ̀ méjì gbáko.

Ìyá rẹ̀ yọjú.

"Màámi, oníná ni," ni ó wí. "Wọ́n wá wo sọ́kẹ́ẹ̀tì."

"Sọ́kẹ́ẹ̀tì wo ló bà jẹ́?" ni Màmá Tíṣà béèrè.

"Kò sí èyí tó bà jẹ́, mà," ni Sísí Wáyà dáhùn. "Mo ti wò ó. Mo ti rí ohun tó bà jẹ́."

Ó jáde. Ọkùnrin náà bá a ní ẹnu géètì, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀.

"Ìfẹ́ mi, jọ̀ọ́."

"Má fọwọ́ kàn mí. Ọwọ́ òsì kejì ni mo jẹ́ nínú ilé yìí. Ẹ̀yìn ìyá rẹ lo ti ń lò mí. Bí wọ́n bá ti wọlé, wàá fi mí pamọ́." Omijé kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó dà. "Mi ò lè fẹ́ ẹni tó ń pààrọ̀ ọwọ́."

*

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi gbà kí Gbẹ́nàgbẹ́nà rí òun. Kò rí ìsinmi nínú rẹ̀. Ó kan súìṣì kan ní ìdorí kodò ní ilé oníbàárà, ó ní láti padà lọ tú u. Ó gbàgbé tẹ́sítà sí ibì kan, ó gbàgbé àkàbà sí ibòmíràn. Ó ń tú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ palẹ̀, ó ń tò ó, ó tún ń tú u.

"Jókòó," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Mo ti jókòó."

"Ìdúró lo wà."

Ó jókòó. Bàbá fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Ọmọ mi, ọkùnrin tó bẹ̀rù ìyá rẹ̀ sàn ju èyí tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni lọ. Mo fẹ́ràn ọmọkùnrin yẹn. Ìwọ náà kì í ṣe ọmọdé mọ́."

"Bàbá, ó sẹ́ mi lójú mi."

"Ó sẹ́ ọ. Kò dára. Ìyẹn wà lọ́tọ̀." Bàbá tẹ̀ síwájú. "Iná ńkọ́?"

"Iná wo?"

"Iná tó wà ní òdì, tó mú kí ó máa fi wáyà rírọ̀ so gílóòbù. Ta ló kàn án síbẹ̀?"

"Ó tàn mí jẹ."

"Ṣé ó tan ayùn náà jẹ? Ayùn ò mọ̀ pé ẹ ń jà. Mo kọ́ ọ pé kí o máa yẹ nǹkan wò lẹ́ẹ̀mejì. Lọ gbé iná rẹ síbi tó yẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá wù ọ́, má tún rí i mọ́ láyé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, nítorí òtítọ́ ni. Ó dìde, ó kọ ìwé kúkúrú kan, ó fi ránṣẹ́:

"Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, mò ń bọ̀ wá gbé iná lọ sí apá ọ̀tún. Ilé ìyá yín ni. Mi ò ní fọwọ́ kan àjà wọn láìjẹ́ pé wọ́n mọ ìdí. Ẹ sọ fún wọn. Bí mo bá dé tí wọn ò mọ̀, màá gbé àkàbà mi lọ, oníná mìíràn ni yóò wá ṣe é. Èmi kò sì ní wá mọ́, fún iṣẹ́ tàbí fún ohunkóhun."

"Ẹ" ló kọ. Ó mọ̀ pé yóò dun ọkùnrin náà. Ó fẹ́ kó dùn ún.

*

Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá Tíṣà ló ṣí ilẹ̀kùn fún un.

"Ọmọ mi ní o ń bọ̀ wá gbé iná. Iná tó ń tàn, kí ló ṣe?"

Sísí Wáyà bojú wo inú ìsọ̀. Ó wo ọkùnrin náà. Gbẹ́nàgbẹ́nà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́, ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tí kò sùn. Kò tíì sọ ọ́.

Sísí Wáyà ka oókan dé ogún nínú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé àkàbà lé èjìká. Àkàbà náà kò wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ má bínú, mà. Ó dàbí ẹni pé mo ṣi ọjọ́ mú. Ó dàbọ̀."

Ó ti kan ẹnu ọ̀nà nígbà tó gbọ́ ohùn ọkùnrin náà.

"Màámi, ọwọ́ òsì ni mo fi ń ṣiṣẹ́."

Sísí Wáyà dúró, àkàbà lórí èjìká, kò yí padà.

"Ó ti pé ọdún méjìlá. Gbogbo àga tẹ́ ẹ ti yìn, gbogbo ilẹ̀kùn, òsì ni mo fi ṣe wọn. Apá òsì ni iná wà, kò bá mi mu, ìyẹn ni oníná ṣe wá. Èkejì." Ó tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà. "Obìnrin yìí kì í ṣe oníná lásán. Òun ni mo fẹ́ fẹ́. Ó ti pé oṣù méje. Bí ẹ bá lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń bá lọ."

Màmá Tíṣà wo ọmọ rẹ̀, ó wo obìnrin tó wà ní ẹnu ọ̀nà.

"Nínú méjèèjì," ni ó wí, "èwo ni kí n kọ́kọ́ bínú sí?"

Ó jókòó sórí ìtì igi kan, láì nù ún, obìnrin tí kì í jókòó sórí àga tí kò bá nù ún.

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ìwọ sì lọ fi ṣe iṣẹ́ bàbá rẹ. Èmi ni mo di ọwọ́ yẹn lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo fi aṣọ dì í. Ìka mẹ́ta! Ọwọ́ òsì ló fà á."

Sísí Wáyà sọ àkàbà kalẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ bá mi fi pẹ́ńsù fa ìlà kan lórí pákó yìí." Ó tan iná gbọọrọ. Ó yí tábìlì náà padà sí ibi tó wà lọ́jọ́ kìíní. "Ọwọ́ òsì, mà."

"Èmi? Ọwọ́ òsì?"

"Ìlà kan péré ni, mà."

Obìnrin àgbà náà gba pẹ́ńsù bí ẹni tó ń gba nǹkan ìdọ̀tí. Ó fà á. Òjìji ọwọ́ rẹ̀ ṣubú lé iwájú pẹ́ńsù, dúdú, ó sì bo ibi tí ìlà ń lọ. Ó tẹ orí wá síwájú kó lè rí i. Kò rí i dáadáa. Ó dúró.

"Ní kíláàsì," ni ó wí díẹ̀díẹ̀, "apá òsì ọmọ ni fèrèsé gbọ́dọ̀ wà. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn."

"Nítorí kí ni, mà?"

"Kí òjìji ọwọ́ má baà..." Ojú rẹ̀ padà sórí pákó.

"Àwọn ọlọ́wọ́ òsì ńkọ́, mà?"

"Kò sí ọlọ́wọ́ òsì ní kíláàsì mi."

Gbẹ́nàgbẹ́nà wo ilẹ̀. Màmá Tíṣà gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, ó tò ó gún régé pẹ̀lú etí pákó.

"Apá òsì ni iná ọkọ mi náà wà," ni ó wí. "Gbogbo wọn ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, apá òsì ni iná wọn wà."

"Mi ò sí níbẹ̀, mà. Mi ò lè búra pé iná ló fà á."

"Mi ò ní kí o búra." Ó padà sórí ìtì igi. "Gun àkàbà rẹ."

Wákàtí mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Ó tú iná mẹ́rin, ó yí ọ̀nà páìpù tí wáyà ń gbà padà, ó kàn wọ́n sí apá ọ̀tún. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbé ìṣó fún un. Lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ wọn kan ara wọn.

"Ṣé o ṣì ń bínú?" ni ó béèrè wúyẹ́wúyẹ́.

"Púpọ̀."

"Ìfẹ́ mi."

"Sọ ọ́ sókè."

Ọkùnrin náà gbé orí sókè. "Ìfẹ́ mi," ni ó wí, ó dún ká yàrá.

"Mo ti gbọ́," ni ìyá rẹ̀ wí láti orí ìtì igi. "Ẹ ṣiṣẹ́ yín."

Nígbà tó parí, iná tàn. Gbẹ́nàgbẹ́nà yan pákó líle kan, ó fa ìlà sí i, ó dúró nídìí ayùn orí tábìlì. Ọwọ́ òsì ló gbé lé igi.

"Màámi, ẹ lè wọlé lọ. Ẹ ò ní láti wò ó."

"Tan ẹ̀rọ rẹ."

Ayùn han gooro. Sísí Wáyà dúró ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lórí súìṣì pupa. Màmá Tíṣà wá dúró tì í. Bí igi ṣe kan irin báyìí, obìnrin àgbà náà gbá ọrùn ọwọ́ Sísí Wáyà mú. Kò rọra dì í mú rárá. Èékánná rẹ̀ wọlé.

"Má gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀ o," ni ó wí. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má gbé e kúrò."

"Mi ò ní gbé e, mà."

Ìlà náà hàn kedere títí dé òpin. Òjìji kò bọ́ sí i. Igi là sí méjì, ọkùnrin náà pa ẹ̀rọ, irin ń yí, ó ń yí, ó dúró. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó tẹ́ ìka márààrún kí ìyá rẹ̀ lè kà wọ́n. Ìyá náà sì kà wọ́n. Ètè rẹ̀ ń mì.

"Ìyá rẹ ńkọ́?" ni ó bi Sísí Wáyà. Kò wo ojú rẹ̀.

"Wọ́n ti kú, mà."

"Bàbá rẹ?"

"Wọ́n wà, mà. Orúnkún ló ń dà wọ́n láàmú."

"Sọ fún wọn pé a ń bọ̀ wá rí wọn ní Sátidé. Èmi fúnra mi ni màá sọ̀rọ̀." Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ka sí ọmọ rẹ̀. "Bí a bá fi í sílẹ̀ fún èyí, ẹ̀yin méjèèjì á ti hewú."

Gbẹ́nàgbẹ́nà bú sẹ́rìn-ín. Sísí Wáyà fẹ́ nu ojú rẹ̀, kò rí ọwọ́ lò. Ọ̀kan ṣì wà lórí súìṣì, Màmá Tíṣà kò sì tíì fi ọrùn ọwọ́ náà sílẹ̀. Èkejì ni ọkùnrin náà wá dì mú, lójú ìyá rẹ̀.